RÍRÀ, YÍYÁ ÀTI JÍJÍ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ SINIMÁ ÀTI ORIN TÍ A Ń SANWÓ FÚN

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àpéjọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀ka Sabon Gari, Kánò

Ẹgbẹ́ ní kí á wádìí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ẹni tí ó sanwó fún sinimá tàbí orin lórí fóònù, ǹjẹ́ ohun tí ó sanwó fún di tirẹ̀? Ẹni tí ó sì gba irú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ àwọn tí ń kó o sínú mẹ́mọ́rì káàdì, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi? A ti wádìí rẹ̀ débi tí agbára wa mọ, ohun tí a rí ni a fẹ́ fi síwájú yín.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára wọn: rírà, yíyá àti jíjí. Ohun tí a rà, a lè lò ó bí ó ti wù wá, a lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, a lè tà á, ọmọ wa sì lè jogún rẹ̀. Ohun tí a yá, a ó lò ó títí di ọjọ́ tí a dá, a ó sì dá a padà. Ohun tí a jí, bí ó ti wù kí ó pẹ́ lọ́wọ́ wa tó, ti ẹlòmíràn ni. Àwa ará Sabon Gari yẹ kí á mọ ìyàtọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa tí wọ́n tẹ̀lé réluwéè wá, lẹ́yìn tí ojú irin dé Kánò ní 1911, yàrá ni wọ́n kọ́kọ́ háyà kí Ọlọ́run tó ṣe é tí àwọn kan nínú wọn di onílé. Ayálégbé kì í pe ara rẹ̀ ní onílé. Onílé kì í sì í ta ilé tán kí ó tún padà wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó rà á. Wàhálà tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ tòní ni pé àwọn kan tí ń tajà lórí fóònù ń pe yíyá ní rírà, àwa tí a sì ń gba ayédèrú ń pe jíjí ní ìrànlọ́wọ́.

LÁYÉ ÀWO ÀTI KÁSẸ́Ẹ̀TÌ

Nígbà tí ó jẹ́ pé inú àwo ni orin wà, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Ẹni tí ó ra àwo Haruna Ishola, àwo náà di tirẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde bá kógbá sílé ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti gba àwo padà. Ṣùgbọ́n orin tí ó wà nínú àwo náà kì í ṣe tirẹ̀, kò sì ní àṣẹ láti tẹ irú rẹ̀ mìíràn kí ó máa tà á lọ́jà. Àwọn olórin fúnra wọn mọ iyì ohun-ìní yìí. Ní 1969, Haruna Ishola àti I. K. Dairo dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, STAR Records, kí ẹni tí ń kọrin lè jẹ́ onílé nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin wa ti òní, ẹ̀tọ́ ẹni tí ó dá orin sílẹ̀ wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Haruna Ishola kú ní 1983. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ orí àwọn orin tí ó dá sílẹ̀ kò ní í tán títí di òpin 2053.

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ da nǹkan rú, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ méjì lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó máa ṣe ẹ̀dà. Kánò yìí kò sì kéré nínú ìtàn náà. Sinimá Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà a máa gba Dubai àti Beirut wọlé, wọn a ṣe ẹ̀dà wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní ìlú yìí, wọn a sì pín wọn káàkiri Àríwá, láìsí kọ́bọ̀ tí ń padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wa Hausa bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fídíò tiwọn, tí Turmin Danya jáde ní Kánò ní 1990, ọ̀nà tí àwọn aláyédèrú ti là sílẹ̀ náà ni ọjà àwọn tí ń ṣe fídíò gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Ọ̀nà náà ṣe wọ́n láǹfààní, kò sì pẹ́ tí òun náà di ọ̀nà tí a ń gbà jà wọ́n lólè. Ti ilé wa kò yàtọ̀. Kunle Afolayan gbé sinimá The CEO jáde ní 2016. Ní 2017 ni ó ké gbàjarè nítorí ayédèrú rẹ̀ tí ó gba ìgboro.

TI ÒDE ÒNÍ

Ní báyìí, àwo àti kásẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lọ́jà. Ilé iṣẹ́ a kó sinimá àti orin pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ńláńlá tirẹ̀, àwa a san owó lóṣooṣù, a ó sì máa wò ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a wà ní Kánò ṣe rí Aníkúlápó ti Kunle Afolayan yìí kan náà wò lórí Netflix ní 2022, ní àkókò kan náà pẹ̀lú àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí jẹ́ yíyá, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, nítorí a mọ̀ pé owó oṣù ni a san. Ọjọ́ tí a bá dẹ́kun àtisan án, ilẹ̀kùn a tì.

Ohun tí ó burú ni ti àwọn tí ń gba owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé "rà á," tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ tí ó kéré bí ẹsẹ̀ eèrà kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé àṣẹ lásán ni àwọn fún ọ, àwọn sì lè gbà á padà. Ẹ má ṣe rò pé àlọ́ ni. Ní oṣù Keje 2009, ilé iṣẹ́ Amazon ní Amẹ́ríkà nawọ́ wọ inú ẹ̀rọ ìkàwé Kindle àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì pa ìwé méjì ti George Orwell rẹ́, 1984 àti Animal Farm, nítorí pé ẹni tí ó gbé wọn sí ọjà náà kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìwé ti lọ. Ní 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé rẹ̀ tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pa. Ó dá owó àwọn ènìyàn padà, gbogbo ìwé tí wọ́n ti "rà" sì di ohun tí a kò lè ṣí mọ́. Ta ni ó ti gbọ́ ọ rí pé nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ìwé kan tì ní Kánò, ìwé fò kúrò lórí pẹpẹ àwọn tí ó ti rà á tẹ́lẹ̀?

Nítorí irú èyí ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣe ṣòfin kan ní 2024, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025. Òfin náà ní ẹni tí ń ta irú ọjà báyìí kò gbọ́dọ̀ pè é ní rírà àfi bí ó bá sọ ọ́ ní gbangba fún oníbàárà pé àṣẹ àtilò ni ó ń gbà. A fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí pé òfin yìí kò ní kí ọlọ́jà má ta ọjà. Ohun tí ó wí ni pé kí ó pe ọjà rẹ̀ ní orúkọ tí ó jẹ́.

Òfin tiwa náà kò sùn. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ àdéhùn ní èdè tí ó yé e, ó sì lòdì sí àdéhùn ìrẹ́jẹ. Àjọ tí ń bójú tó o ni FCCPC. Ní oṣù Kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ tí òfin yìí dá sílẹ̀, tí ó jókòó ní Àbújá, pàṣẹ kí MultiChoice san 150 mílíọ̀nù náírà, kí ó sì fún àwọn oníbàárà DStv àti GOtv ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Agbẹjọ́rò kan tí òun náà jẹ́ oníbàárà ni ó pe ẹjọ́ náà lórí owó tí wọ́n fi kún. Kí á má sì tan ara wa: ní oṣù Karùn-ún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá sọ pé FCCPC kò ní agbára láti fi iye lé ọjà ẹnikẹ́ni. Owó lè gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá rẹ́ jẹ ní ibi tí ó lè ké sí.

TI ÀWA FÚNRA WA

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán, nítorí a kò lè dá ọlọ́jà lẹ́bi kí á wá fojú fo ti inú ilé wa. Ní Farm Centre tí a ti ń ta fóònù àti ní ẹ̀bá ọ̀nà níbí, àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síwájú, tí wọ́n ń kó sinimá àti orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì ẹni tí ó bá mú owó wá. Ọmọ wa wà nínú wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá, a kò sì ní í dúró níbí kí á máa pè wọ́n ní ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ọjà tí wọ́n ń tà kì í ṣe tiwọn. Òfin Copyright ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, fàyè gba ìlò tí ó tọ́ fún ara ẹni. Kò fàyè gba kí á sọ iṣẹ́ ẹlòmíràn di ìsọ̀ ọjà. Àwa tí a sì ń rà á, ẹ jẹ́ kí á rántí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti lówó jù, pé kí ni ti wọn nínú náírà wa. A gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú sinimá Yorùbá kan, onílù wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, ìyá tí ń se oúnjẹ fún wọn wà níbẹ̀. Bí owó kò bá padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kó wọn jọ, kò ní í lè pè wọ́n sí iṣẹ́ mìíràn. Àwọn mìíràn yóò ní dátà wọ́n, owó oṣù sì wọ́n. Èyí jẹ́ òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe sinimá Yorùbá ló ń gbé iṣẹ́ wọn sí YouTube fúnra wọn. Ẹni tí ó bá wò ó níbẹ̀ kò san ju owó dátà lọ, ìpolówó ọjà tí ó wà nínú rẹ̀ a sì mú owó dé ọwọ́ oníṣẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára nìyí: ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí síbí, Hausa ni wọ́n ń sọ ní òde, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní ilé ìwé. Lẹ́yìn ẹnu ìyá àti bàbá wọn, inú orin àti sinimá ni wọ́n ti ń gbọ́ òwe, oríkì àti bí a ti í kí àgbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá di ohun tí ilé iṣẹ́ kan lè pa rẹ́ nígbà tí ó bá wù ú, tí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sì ń jẹrà lábẹ́ ibùsùn wa, kí ni a ó fi lé wọn lọ́wọ́?

OHUN TÍ A DÁBÀÁ

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó lórí fóònù, kí ó béèrè nǹkan mẹ́ta: Títí di ìgbà wo ni n ó máa lò ó? Bí ilé iṣẹ́ bá tì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun tí mo sanwó fún? Ọ̀nà wo ni n ó gbà gba owó mi padà? Bí wọn kò bá dáhùn kí ó yé e, kí ó gbà pé yíyá ni, kí ó sì ná owó rẹ̀ bí ẹni tí ń yá nǹkan.

Èkejì, kí á máa pa ìwé owó mọ́, kí á ya àwòrán ojú ewé tí a ti sanwó. Bí ìrẹ́jẹ bá ṣẹlẹ̀, kí á kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Bí wọn kò bá gbọ́, kí á kọ̀wé sí FCCPC. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ ọ́. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù wo ilé rẹ̀ fún àwo, kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò tí a fi owó rà láyé ọjọ́un. Kí á má ṣe dà wọ́n nù. Kí á mú orúkọ wọn wá, kí ẹgbẹ́ kọ wọ́n sínú ìwé kan: olórin, ọdún, àti ẹni tí ó ni ín. Bí a bá fẹ́ fi èyíkéyìí hàn ní gbọ̀ngàn wa, kí á kọ́kọ́ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn oníṣòwò inú ẹgbẹ́ pe àwọn ọ̀dọ́ tí ń kó sinimá sínú káàdì, kí wọ́n bá wọn wá ọ̀nà sí iṣẹ́ mìíràn tí ọgbọ́n ọwọ́ wọn yẹ fún, bí títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Kò yẹ kí á gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ kí á má fi òmíràn rọ́pò.

Ẹ̀yin ará wa, àbá mẹ́rin wọ̀nyí ni a fi lé yín lọ́wọ́, ẹ yẹ̀ wọ́n wò kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó pé. A kò bẹ̀ yín láti di agbẹjọ́rò. A bẹ̀ yín pé kí ẹ bi ọlọ́jà léèrè orúkọ tí ọjà rẹ̀ ń jẹ́, kí àwa náà sì máa pe ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ní orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa yóò máa gbèrú o. Àṣẹ.