Ìbéèrè Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo ẹgbẹ́ sọ níwájú ìpàdé ẹ̀ka Ìkọ̀yà

 

Ẹ̀ka yìí ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ọkọ àti aya: ṣé kí á jẹ́ kí wọ́n gún àwọn ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, tàbí kí á ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ó ń gbé e kiri? Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ìjọba mú abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ dé Ìpínlẹ̀ Òǹdó fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ọ̀rọ̀ náà ti gbóná sí i. Àwọn kan ní ète òyìnbó ni, láti sọ àwọn ọmọ wa di àgàn. Àwọn mìíràn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ta ni ó yẹ oògùn náà wò, ta ni yóò sì dáhùn bí nǹkan bá ṣe ọmọ? Ẹ má ṣe da àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́ wa láti bi ìjọba léèrè ibi tí owó orí wa wọlé sí kò lè sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó pa ẹnu mọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ara ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi tí ó dùn wá bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1996 àrùn yírùnyírùn jà ní Kánò, ó sì pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ. Láàárín ìyọnu náà ni ilé-iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà wá dán oògùn tuntun kan tí ó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 200 ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà. 100 gba Trovan, 100 yòókù gba oògùn mìíràn tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ni ó kú: 5 nínú àwọn ti Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó di ọdún 2009, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Trovan kì í ṣe àjẹsára. Oògùn tí a fi ń wo àrùn tí ó ti wọ ara ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Nígbà tí àwọn tí ó ń kán àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu dé ní ọdún 2003, àhesọ gba ìgboro pé oògùn àgàn ni. Ìpínlẹ̀ Kánò dá a dúró, kò sì gbà á padà títí di oṣù Keje ọdún 2004, nígbà tí wọ́n rí èyí tí a ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Láàárín àkókò náà, àrùn kò dúró de ìpàdé kankan. Ó jáde kúrò ní Àríwá, ó wọ àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó kọjá ààlà sí nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè. Ẹ sì gbọ́ èyí: ní ọdún 2005 ó dé Indonesia fúnra rẹ̀, ó sì sọ àwọn ọmọ ibẹ̀ di arọ. Ní ọdún 2006, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ọmọ Nàìjíríà tí àrùn náà mú. Ní ọdún 2016 ni a rí irú rẹ̀ àbáláyé kẹ́yìn ní Bọ̀rnó, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní Áfíríkà. Àwọn tí ó jẹ gbèsè ní Kánò ní ọdún 1996 kọ́ ni wọ́n san án. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn san án.

N kò ní fi ohun kan pamọ́ fún yín. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ewu kankan rárá nínú àjẹsára kankan, irọ́ ni ó ń pa, irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń bí àhesọ. Èyí tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu, kòkòrò àrùn náà gan-an ni, tí a ti sọ di aláìlágbára. Níbi tí àwọn ọmọ tí ó gbà á kò bá pọ̀, kòkòrò náà lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn fún ìgbà pípẹ́, títí agbára rẹ̀ yóò fi padà, tí yóò sì sọ ọmọ di arọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà níhìn-ín. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Cutter kò pa kòkòrò inú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kú tán. Ó tó 40,000 ọmọ tí ó ṣàìsàn, bí 200 di arọ, 10 sì kú. Kí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe? Wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n yẹ ilé-iṣẹ́ gbogbo wò, wọ́n mú òfin àyẹ̀wò le sí i, wọ́n sì tẹ̀síwájú títí àrùn náà fi kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí á ṣe ní Ìkọ̀yà náà nìyẹn. Kí á béèrè, kí wọ́n dá wa lóhùn, kí ọmọ sì gba abẹ́rẹ́.

Ẹ gbọ́, àwọn kan máa ń sọ pé ọgbọ́n òyìnbó ni gbogbo èyí. Ní ọdún 1721 ni ìgbóná jà ní Boston ní Amẹ́ríkà. Ẹrú kan tí wọ́n kó láti Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Onesimus, ti ṣàlàyé fún olúwa rẹ̀, àlùfáà Cotton Mather, pé ní ìlú tí òun ti wá, wọ́n máa ń sín ènìyàn ní gbẹ́rẹ́, wọn a sì fi díẹ̀ nínú ọ̀yún ìgbóná sí i, kí àrùn ńlá má baà mú un. Dókítà Boylston dán an wò. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ìgbóná mú fúnra rẹ̀, bí 14 ni ó kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó gba gbẹ́rẹ́, bí 2. Síbẹ̀ wọ́n ju àdó olóró sí ilé àlùfáà náà. Ó lé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1796, kí Jenner ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá ọ̀nà tí ewu rẹ̀ kéré sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ohun òyìnbó ni, kí ó rántí ìran tí Onesimus ti wá.

Ẹ̀yin àgbà ìjókòó yìí kò ní gbàgbé àwọn abupá. Àpá wọn ṣì wà lára ọ̀pọ̀ yín. Ẹ mọ ìgbà tí a kì í dárúkọ àrùn náà, Olóde ni à ń pè é. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní ìran, bọ́ sínú ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, ìròyìn tí ó sì mú jáde ni pé àwọn kan níbẹ̀ ń tan àrùn náà kálẹ̀ fúnra wọn. Ní ọdún 1967, nígbà tí iṣẹ́ bíbupá ti fẹ́ kárí, ìgbóná wọ Abakaliki. Àwọn 32 ni ó mú. Nínú wọn, 30 jẹ́ ọmọ ìjọ kan ṣoṣo tí ìgbàgbọ́ wọn kò gba oògùn. Ará àdúgbò wọn tí ó ti bupá, tí wọ́n jọ ń gbé, jọ ń pọnmi, lọ láìfarapa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970 ni a rí ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 1980 wọ́n sì kéde pé ó ti tán ní ayé.

Ẹ̀rí kan wà tí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ènìyàn kú lójijì ní Òde-Ìrèlè. Ojú wọn a fọ́, orí a fọ́ wọn, wọn a sì kú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú nítorí ojúbọ tí a bà jẹ́. Àwọn mìíràn ní oògùn tí a fi ń pa koríko ni. Àyẹ̀wò ni ó fi hàn pé májèlé methanol ni, nínú ògógóró. Bí a bá ti dúró lórí ọ̀rọ̀ òrìṣà, à bá máa ṣètùtù, à bá sì tún máa mu ún.

Ní ti abẹ́rẹ́ àwọn ọmọbìnrin, kòkòrò tí a ń pè ní HPV ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ọ̀dọ̀ ọkùnrin sì ni obìnrin sábà máa ń kó o. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gún ọmọ kí ó tó mọ ọkùnrin. Ó ti lé ní ọdún 15 tí Australia ti bẹ̀rẹ̀, láti 2007. Rwanda bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Àwọn tí ó ń ṣọ́ wọn kò rí i pé ó dí ọ̀nà ọmọ. Ní Scotland, àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024 kò rí obìnrin kan ṣoṣo tí àrùn náà mú nínú àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ náà pé ní ọmọ ọdún 12 tàbí 13. Àrùn náà gan-an ni ó ń sọ obìnrin di aláìlọ́mọ, nítorí bí ó bá mú un, ilé-ọmọ ni wọ́n sábà máa ń gé kúrò.

Nísinsìnyí, ohun tí ẹ óò béèrè. Lára ìgò àjẹsára, àmì róbótó kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, onígun mẹ́rin kékeré sì wà láàárín rẹ̀. Bí ti àárín bá ṣì mọ́lẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ooru kò tíì ba oògùn náà jẹ́. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti rí bákan náà, tàbí tí ti àárín bá dúdú jù, kí wọ́n dà á nù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè mọ epo tí ó ti kan lè mọ èyí, ì báà má tilẹ̀ mọ̀wé. Ẹ ka ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n tú níwájú yín. Kí ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn náà, nítorí òòyì lè kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Bí ara gbígbóná bá pẹ́ lára ọmọ, ẹ padà lọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. NAFDAC ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka yìí yan ìyá mẹ́ta àti bàbá méjì, tí ọ̀kan nínú wọn kì yóò jẹ́ ẹni tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ọjọ́ àjẹsára tí ó ń bọ̀, kí wọ́n bẹ nọ́ọ̀sì kí ó fi fìríìjì àti ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sí hàn wọ́n, kí wọ́n sì wá jábọ̀ níwájú gbogbo wa ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá rí àléébù, akọ̀wé yóò kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkìtìpupa, a ó sì tẹ ìwé náà sínú ìwé ìròyìn yìí. Àbá náà di ọwọ́ ìpàdé.