Ọmọ Tí Wọ́n Bí sí Ìdálẹ̀

Ẹ̀yin ará Kìṣí, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ló kàn, títí kan àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí. Gánà ni wọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn sí. Ìlú bàbá tí wọ́n ní kí wọ́n padà sí, wọn kò dé ibẹ̀ rí. Bákan náà, ní 1972, Idi Amin, olórí Uganda, fún àwọn ará Éṣíà tó wà níbẹ̀ ní 90 ọjọ́ láti jáde, bẹ́ẹ̀ ìran kejì àti ìkẹta wọn ti wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní onílùú ló yẹ kó kọ́kọ́ ríṣẹ́ ṣe. Òótọ́ ni, ìlú kò sì lè wà láìlófin. Ṣùgbọ́n òfin tó lé ẹni tó ń ṣòwò, tó bímọ, tó sì sin òkú rẹ̀ síbẹ̀, ìlú fúnra rẹ̀ ló pa lára: oko kòkó Gánà pàdánù òṣìṣẹ́. Àwa náà kò fi kọ́gbọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé ọ̀pọ̀ ará Gánà jáde. Nítorí náà, ọmọ Fúlàní àti ọmọ Bàrùbá tí wọ́n bí sí Òkè-Ògùn wa níbí, ọmọ wa ni. Ẹ jẹ́ ká gbà wọ́n síléèwé, ká sì fi ìjókòó fún wọn nípàdé àdúgbò.