Kí Ẹ Tó Ra Pontoon Àkọ́kọ́

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ní Houston níbí fẹ́ ra pontoon tí wọ́n á máa fi gbé àwọn ọmọ lọ sí Lake Conroe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo àga àti ọ̀dà nìkan.

Ẹ wá àwo kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀, tó sọ iye èèyàn àti ìwúwo tó lè gbé. Ẹ lè jẹ́ márùn-ún nílé, ṣùgbọ́n ìgbà wo làwa Yorùbá jáde ní márùn-ún rí? Àǹtí á tẹ̀lé yín, ọmọ aládùúgbò á tẹ̀lé yín, ká má tíì sọ kúlà méjì. Ẹ ka gbogbo wọn kí ẹ tó sanwó. Tí ẹrù bá pọ̀, tí gbogbo èèyàn tún sáré lọ síwájú torí fọ́tò, imú ọkọ̀ á tẹ̀, omi á gun orí pátákó. Ọmọdé lè bá a lọ. Èyí tó ní àgbá mẹ́ta lábẹ́ máa ń gbé ẹrù ju alágbàá méjì lọ, owó rẹ̀ ló kàn wọ́n.

Òfin Texas ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 wọ life jacket nínú ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26, tó bá ti ń rìn. Ẹ ra tiwọn mọ́ ọkọ̀, kó bá wọn lára mu.

Tí ẹ bá lè ṣe é, ẹ kọ́kọ́ yá ọ̀kan fún ọjọ́ kan, kí gbogbo ilé wọ̀ ọ́ wò.