Ẹ̀YÌN AWAKỌ̀ KÌ Í ṢE SÌPÍRÍǸGÌ

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti wọ́kíṣọ́ọ̀bù sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)

 

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí píkọ́ọ̀pù tuntun, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kù tí a fẹ́ tún ṣe lára ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ bàtà ló mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọdún 12 ni mo fi wa ọkọ̀ kí n tó bọ́ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Tuntun ni wọ́n gbé píkọ́ọ̀pù tí mo wà kẹ́yìn fún mi. Bí mo bá di ẹrù, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Bí mo bá já ẹrù tán tí mo ń bọ̀ lófìfo, yóò máa ta mí sókè bí gúgúrú inú agbada. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ńṣe ni mo ń fọwọ́ ti ìbàdí kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé àgbà ló ń dé. Kì í ṣe àgbà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó fà á. Ẹ rántí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní ọdún 1975. Èyí tí àwọn ọ̀gá ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, sìpíríǹgì tí a ká bí ejò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù 504 tí ó jáde ní ọdún 1979, irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn ni wọ́n fi sí i lẹ́yìn. Orúkọ kan náà, ìjókòó ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hilux àti ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù òde òní. Nítorí pé ẹrù tí ó tó tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe wọ́n fún, irin náà gbọ́dọ̀ le. Bí ẹrù kò bá sí, kò sí ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́. Bí táyà bá wọ gálọ́ọ̀pù, ara ọkọ̀ ló ń gbà á, láti ibẹ̀ ó di ọ̀pá ẹ̀yìn awakọ̀.

Kí ni a lè ṣe sí i? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Èkíní, táyà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tí ó sọ iye afẹ́fẹ́ tí táyà ń fẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iye ti òfìfo yàtọ̀ sí ti ẹrù. Táyà tí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀ le bí òkúta. Àárọ̀ kùtù, kí táyà tó gbóná, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kéré sí iye tí ìwé náà sọ, nítorí táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó máa ń gbóná, ó sì lè bẹ́.

Èkejì, ṣọ́ọ̀kì. Sìpíríǹgì ló ń ru ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ló ń pa á lẹ́nu mọ́ kí ó má máa fò. Òróró wà nínú rẹ̀ tí ń gba ihò tín-ín-rín kọjá, ìyẹn ló ń sọ agbára fífò di ooru. Bí òróró bá gbóná jù, yóò hó, ṣọ́ọ̀kì kò sì ní lè di nǹkan kan mú mọ́. Ìdí nìyí tí èyí tí a fi gáàsì sí nínú fi sàn jù lójú ọ̀nà burúkú. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ kan mọ́lẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀: bí ó bá ń jó sókè sódò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì lọ, ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀ ti lọ.

Ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe fún nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀ṣì onírọ́bà pa nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì. Ẹ jẹ́ kí táyà tẹlẹ̀, kí ìwúwo ọkọ̀ bọ́ sórí rẹ̀ ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà yóò lọ́, kò sì ní pẹ́ ya.

Ẹ̀kẹrin, sìpíríǹgì fúnra rẹ̀. Èyí tí ó bá ẹrù tí a ń rù lójoojúmọ́ mu ni kí a fi sí i. Wọ́n ń ṣe irú èyí tí ó rọ̀ bí ọkọ̀ bá ṣófo, tí ó sì ń le sí i bí ẹrù bá ń pọ̀.

Ẹ̀yin ará, ewu wà níbí o. Mo rí ibi tí wọ́n ti yọ irin pẹlẹbẹ méjì kúrò kí ọkọ̀ lè rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n di sìmẹ́ǹtì sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ wọlẹ̀, ásùlù ń gbá ṣáṣí gbàgà-gbàgà títí dé ilé. Ọlọ́run ló kó awakọ̀ náà yọ. Mo sì rí ibi tí wọ́n ti fi irin kún un kí wọ́n lè di ẹrù ìlọ́po méjì. Irin ni wọ́n fi kún un o, wọn kò fi bíréèkì kún un, wọn kò fi táyà kún un! Lára àwọn píkọ́ọ̀pù kan, ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́yìn tí ó ń fi bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ga tó pín agbára bíréèkì. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè láìtún ẹ̀rọ yìí tò, yóò rò pé kò sí ẹrù, bíréèkì ẹ̀yìn yóò sì dínkù.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹgbẹ́ wa. Ní ọdún 2002, ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin lórí gbígbọ̀n tí ara òṣìṣẹ́ ń gbọ̀n. Tí ó bá dé 0.5 m/s² fún iṣẹ́ wákàtí 8, ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Kò sì gbọdọ̀ kọjá 1.15 m/s². Òfin tiwọn ni, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Ní ilẹ̀ wa níbí, òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, ti ọdún 2010, ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ọn. Ó ní kí òṣìṣẹ́ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kí ó má fi àgbo nìkan bò ó mọ́lẹ̀. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú ẹ̀dà kan fún akọ̀wé ẹ̀ka.

Mo dábàá pé kí ìgbìmọ̀ gbé nǹkan mẹ́ta lọ síwájú àwọn ọ̀gá: kí wọ́n bi awakọ̀ léèrè irú ẹrù tí ó ń rù kí wọ́n tó ra ọkọ̀, kí a máa yẹ ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀ṣì wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n má sì yọ owó àtúnṣe nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní owó kò sí, ẹ bi wọ́n pé, bí awakọ̀ bá dùbúlẹ̀, ta ni yóò wa ọkọ̀?

Wọ́n ń ta sìpíríǹgì lọ́jà. Ẹ̀yìn èèyàn, a kì í rí i rà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.