Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Oníròhìn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ayétòrò, ní ọdún 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀. Ní 1862 Ìbàdàn fọ́ ìlú náà. Bí oníròhìn bá gbọ́ ti Ìbàdàn nìkan, ta ni yóò sọ ti àwọn tí a tú ká? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, a gbà yín níyànjú: ẹ kọ́kọ́ kí àgbà, kí ẹ tó bi í pé, “Ṣé ó ṣojú yín ni, tàbí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kà á sí i létí, kí ẹ sì lọ bá ẹnì kejì. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí ìwé wa bá bà jẹ́.