Ọ̀rá Pure Water àti Eré Tí Ẹ̀rọ Ń Sá

Èjìgbò ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, ti aládùúgbò ni.

Àǹtí kan tó ń ṣe pure water ládùúgbò wa ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ọ̀rá tí òun rà lóṣù tó kọjá dán, tòṣù yìí rí ṣákiṣàki, ó sì ń tètè ya. Àpò kan lè dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti jò nínú rẹ̀, owó Àǹtí ló sì ń bá a lọ. Ó gbà pé wọ́n ti po ike burúkú mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti fi iná lẹ̀ ẹ́ ni kò mú dáadáa. Àmọ́ ohun kẹta wà: ẹni tó ṣe ọ̀rá lè ra ike tó dára jù lọ, kó sì bà á jẹ́ nítorí pé ó sáré jù.

Wóró ike kéékèèké ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ. Irin gígùn kan tó ń yí bíi ti ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹran á máa tì í lọ nínú ooru tó tó nǹkan bíi 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí tó fi máa yọ́. Wọ́n á wá fún un gba ẹnu tóóró kan tó rí roboto bí òrùka. Afẹ́fẹ́ á gba àárín rẹ̀, ike á wú sókè bíi bálúùnù gígùn, á tutù, wọ́n á sì ká a.

Ike tó yọ́ kì í ṣe omi o. Mólékù rẹ̀ dà bí okùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún átọ̀mù kábọ́nì ló tò tẹ̀lé ara wọn, okùn kọ̀ọ̀kan sì lọ́ mọ́ àwọn tó kù. Ẹ wo abọ́ Indomie. Bí o bá fa okùn kan jẹ́jẹ́, yóò máa yọ́ bọ́ láàárín àwọn yòókù. Bí o bá já a lójijì, yálà kó já, tàbí kí ìdajì abọ́ tẹ̀lé e. Ará Faransé kan, Pierre-Gilles de Gennes, ṣàlàyé lọ́dún 1971 pé okùn kọ̀ọ̀kan ń wọ́ bí ejò nínú ihò tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe yí i ká. Ó gba Nobel lọ́dún 1991.

Ejò yẹn nílò àkókò. Bí ẹ̀rọ bá ń fún ike yára ju bí okùn ṣe lè wọ́ jáde lọ, okùn á nà, gbogbo wọn á kọjú sí ọ̀nà kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ire ni: ike á fúyẹ́ sí i, á ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀. Láìsí èyí, mọ́tọ̀ ẹ̀rọ kò ní lè tì í. Lọ́dún 1978, Masao Doi àti Sam Edwards ṣe ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò náà ní bí eré bá pọ̀ jù, agbára tí ike fi ń dènà yóò máa wá sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò. Ní 1996 ni Giuseppe Marrucci mú àlàyé kan wá tó pa mí lẹ́rìn-ín, torí ó jọ èrò ọjà: àwọn aládùúgbò rẹ ló há ọ mọ́, bí àwọn náà bá ń sá lọ, ìwọ náà ti bọ́.

Àwa ará Èjìgbò ti mọ ìwà yìí lọ́wọ́. Ògìyán ni oyè ọba wa, orúkọ òrìṣà tó fẹ́ràn iyán, èyí tí wọ́n ń pè ní Oxaguiã ní Brazil. Bu iyán gbígbóná, fà á jẹ́jẹ́, á gùn. Já a lójijì, á gé. Omi wà nínú iyán, kò sì rí bákan náà pẹ̀lú ike yíyọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Ẹnu ẹ̀rọ gan-an ni wàhálà wà. Ike tó kan ara irin fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn, ti àárín ló ń sáré. Bí wọ́n bá ti bọ́ síta, ti ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ sáré bá ti àárín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Awọ òkè nìkan ni wọ́n fà lójijì yẹn. Bí eré bá kọjá ààlà, awọ náà á máa ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Sharkskin ni wọ́n ń pè é. Bí o bá tún yára sí i, ike á máa lẹ̀, á máa yọ̀: ibì kan á dán, ibi tó tẹ̀lé e á hán. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ á wé.

LLDPE, tó lágbára, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá tínrín, ni èyí tètè ń mú. LDPE ní ẹ̀ka gígùn lára okùn rẹ̀, kì í sábà hùwà bẹ́ẹ̀, ó sì ń le sí i bí wọ́n ṣe ń nà án, ìyẹn ló ń jẹ́ kí bálúùnù dúró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po méjèèjì.

Ní tèmi o, mi ò lè fi gbogbo ẹ̀bi lé oníṣẹ́ lórí. Iná ń wá fún wákàtí díẹ̀, dísẹ́lì wọ́n, ó sì fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ jáde kí iná tó lọ. Ọ̀nà àbáyọ wà: kó fẹ ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀, kó fi ooru kún un, tàbí kó fi LDPE kún un. Àwọn kan ń fi èròjà onífulórínì kun ara irin kí ike lè yọ̀ lára rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí PFAS ni, inú mi ò sì dùn sí i lára ohun tí a ń mu omi nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé ọ̀rá náà sókè sí oòrùn. Ẹ wò ó bóyá ó rí bíi gíláàsì tí èémí bò, kí ẹ sì fi èékánná ra á. Bí ó bá ń ha ọwọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, yàtọ̀ sí irú wóró tó rà, eré mélòó ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń sá.