Bí A Ṣe Ń Ṣí Akòko Nípò Láti Inú Garawa sí Ìkòkò Ńlá

   

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí kò jọ ọ̀rọ̀ ńlá: bí a ṣe ń ṣí igi tí ó ti dàgbà nínú ike lọ sínú ìkòkò tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo agboolé wa láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti Mapo dé Bẹ́yẹrúnkà. Mélòó nínú wọn ni ó ṣì ní ilẹ̀ tí ọkọ́ lè wọ̀? A ti fi sìmẹ́ńtì bo àgbàlá. Ibi tí pèrègún ti ń ṣọ́ ààlà ti di ògiri. Akòko, tí à ń fi ewé rẹ̀ sí orí ẹni tí ó ń joyè, ti di ohun tí à ń wá lọ sí ọjà. Bí a bá fẹ́ ní ewé tiwa nílé, inú ìkòkò ni ọ̀pọ̀ wa yóò ti gbìn ín. Ẹni tí ó bá sì gbin igi sínú ìkòkò ti gbà pé òun yóò máa ṣí i nípò.

Nígbà tí ẹbí wa fẹ́ tẹ́ àgbàlá, wọ́n gé akòko tí bàbá wa àgbà gbìn. Mo gé ọ̀pá méjì lára rẹ̀, mo gún wọn sínú garawa ọ̀dà méjì. Méjèèjì hù. Ní ọdún kẹrin, wọ́n ga jù mí lọ. Gbòǹgbò ń yọ nísàlẹ̀, omi tí mo bá bù sí i ń ṣàn jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ewé sì ń pọ́n. Àmì pé ilé ti há nìyẹn.

Èyí àkọ́kọ́, èmi ni mo pa á. Àsìkò ọyẹ́ ni, lọ́sàn-án gangan. Mo di ìdí igi mú, mo fà á yọ. Mo gbọn gbogbo yẹ̀pẹ̀ ara gbòǹgbò dànù, mo rò pé ìmọ́tótó ni. Mo gbìn ín sínú dírọ́ọ̀mù ńlá tí n kò lu ihò sí, mo sì da ìgbẹ́ adìyẹ tútù lé e. Kò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo ha èèpo rẹ̀ tí gbogbo abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, mo mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù nínú ohun tí bàbá wa gbìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe èkejì.

Mo dúró de ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nínú oṣù karùn-ún. Mo kọ́kọ́ gé ọ̀pá méjì lára rẹ̀ gbìn lọ́tọ̀, kí àṣìṣe mi má baà pa ìran náà run. Ìkòkò tí mo wá fi nǹkan bí ìka mẹ́rin fẹ̀ ju garawa lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí yẹ̀pẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé inú rẹ̀ a máa gba omi dúró, gbòǹgbò a sì rà. Mo lu ihò márùn-ún sí ìdí rẹ̀, mo fi àpáàdì bo ihò kọ̀ọ̀kan kí yẹ̀pẹ̀ má baà jò. N kò kó òkúta sísàlẹ̀: kì í jẹ́ kí omi tètè jáde, ààyè gbòǹgbò ni ó ń gbà.

Ilẹ̀ pupa Ìbàdàn nìkan a máa le bí bíríkì nínú ìkòkò. Mo po yẹ̀pẹ̀ dúdú ọ̀nà méjì, iyanrìn ọ̀nà kan, àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà pátápátá ọ̀nà kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo bomi rin ín dáadáa, kí yẹ̀pẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta dà á dùbúlẹ̀ lórí àpò, a yí i, a fi ọwọ́ gbá ara garawa. Nígbà tí kò jáde, garawa ni mo fi ọ̀bẹ là. Garawa ṣe é rà. Gbòǹgbò kò ṣe é rà. Mo fi ìka tú àwọn gbòǹgbò ẹ̀yìn tí ó ti lọ́ yíká, mo fi ọ̀bẹ mímọ́ la ojú mẹ́rin lóòró níbi tí ó ti ki. Yẹ̀pẹ̀ àárín, n kò fọwọ́ kàn án. Mo gbé e sí ibi gíga kan náà tí ó wà tẹ́lẹ̀, nítorí ìdí igi tí a bá bò mọ́lẹ̀ a máa rà. Mo bomi sí i títí ó fi jáde nísàlẹ̀, mo fi ọparun tì í lẹ́yìn, mo sì gbé e sí abẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn òwúrọ̀ nìkan ń dé.

Ewé rẹ̀ rọ, mélòó kan sì já. Ará ilé ní ó ti kú. Mo ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù minijọ̀. N kò da omi bò ó nítorí ìbẹ̀rù. Àyàfi bí mo bá ti ìka bọ yẹ̀pẹ̀ tí ó sì gbẹ. N kò fi ajílẹ̀ kankan sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yọ ẹ̀hù.

Bí tiyín bá ti tóbi ju èyí tí a lè gbé lọ, ẹ máa bu yẹ̀pẹ̀ òkè rẹ̀ kúrò lọ́dọọdún, ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú la òkun kọjá, inú ìkòkò àjèjì ni a gbìn wọ́n sí. Síbẹ̀, ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, akòko àti pèrègún ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn nílé òrìṣà títí dòní. Yẹ̀pẹ̀ àárín ni wọn kò jẹ́ kí a gbọ̀n dànù: orúkọ, orin, èdè ìbọ. Àwa tí a ń gbé Ìṣẹ̀ṣe bọ́ sínú ayé tuntun, ẹ jẹ́ kí a fẹ ìkòkò náà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe bọ́ gbòǹgbò sí ìhòòhò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀pá méjì tí mo gé ti hù. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Agboolé méjì tí kò ní akòko, kí ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sílé lónìí. Ire o. Àṣẹ.